Aládùúgbò, Ṣé O Wà Ńlé?

"Ẹ pa á ná! Ta ni bàbá arúgbó tó ń wúkọ́ sínú orin yìí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Abẹnugan kíláàsì ló sọ̀rọ̀. Ijó ìdágbére ni wọ́n ń múra sílẹ̀ fún, wọ́n sì ní kí Jẹ́jẹ́ mú orin wá. Fóònù ìyá rẹ̀ ló mú wá, eré kan sì wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin méjì tó ti dàgbà, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bára wọn díje, ló pa ìjà tì, tí wọ́n jọ ń ṣeré kiri láti ìlú dé ìlú. Eré tó gbẹ̀yìn ni wọ́n gbà sílẹ̀ níwájú èrò. Lẹ́yìn orin kẹta, ẹni tó ń fọn fèrè wúkọ́, ó ní, "Aládùúgbò, ṣé o wà ńlé?" Èrò rẹ́rìn-ín, gìtá sì wọlé.

"Jẹ́jẹ́, ìwọ là ń bi. Ṣé o mọ̀ ọ́n ni?"

Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀. "Èmi kẹ̀? N ò mọ̀ ọ́n."

Bàbá rẹ̀ ni. Kò pẹ́ tí wọ́n ti ìrìnàjò náà dé tó fi dolóògbé.

"Gé e kúrò, jàre. Ta ló fẹ́ máa jó sí ikọ́?"

Jẹ́jẹ́ gé e. Fóònù bi í bóyá kó fi tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ààyè kò sí lórí fóònù náà mọ́, ó sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ, kì í lọ aṣọ àwọn oníbàárà láì tan eré yẹn. Ó tàn án nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bí orin kẹta ṣe parí, ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró. Ó pẹ́ tí Jẹ́jẹ́ ti ń rí i bẹ́ẹ̀, ó rò pé apá ló ń dùn ún ni.

"Mo wà..."

Gìtá já lu ọ̀rọ̀ náà. Ìyá rẹ̀ dá orin padà. Ó tún dá a padà.

"Kí lẹ ń wá, Mọ́mì?"

"Bàbá ẹ. Ibi tó ti pè mí." Ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù. "Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti tiwọn. Orí ògiri yẹn ló ti máa ń pè mí látìgbà tá a ti wà ní kékeré. Nígbà tó fẹ́ mi tán náà, kò yí i padà. Mo dá a lóhùn níbi eré yẹn, àmọ́ ẹ̀rọ ò gbé ohùn mi. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń dá a lóhùn níbí."

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀. "Èmi ni mo gé e, Mọ́mì. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n, mo ní n ò mọ̀ ọ́n."

Ìyá rẹ̀ kò nà án, kò sì bú u. Ó pa áyọ́ọ̀nù, ó jókòó sáàárín àwọn aṣọ tí kò tíì lọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ lọ bá olórí ẹgbẹ́ kejì, Baba Onígìtá, ó bi í bóyá eré náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà mi orí.

"Fóònù tí mo fi gbà á sílẹ̀ ti kú, ọmọ mi. Tiyín nìkan ló kù."

"Ẹ̀yin náà ẹ bá mi sọ ọ́, sà. Ẹ mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀."

"Mo lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ikọ́ yẹn ńkọ́?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi ikọ́ yẹn ṣe é ní yẹ̀yẹ́. N ò lè wú u."

Nígbà tí ọjọ́ ijó pé, Jẹ́jẹ́ sọ fún wọn pé, "Bàbá mi ló ń wúkọ́ yẹn."

"Ikọ́ wo?" Abẹnugan ti gbàgbé. Ó ń jó lọ.

Nírọ̀lẹ́, ìyá rẹ̀ ń lọṣọ láì tan nǹkan kan. Jẹ́jẹ́ gbé fóònù, ó tan eré náà. Nígbà tí orin kẹta parí, ó fi ìka dá a dúró. Ìyá rẹ̀ gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó kọjú sí ògiri.

"Mo wà ńlé," ló wí.

Ìgbà náà ni Jẹ́jẹ́ jẹ́ kí gìtá wọlé. Ó ti wá yé e pé ohun tí òun tijú rẹ̀ lójú àwọn ọ̀rẹ́ òun ni ìyá òun fi ń gbé ilé ayé, àti pé ohun tí a bá fi ìtìjú gé dànù, ẹ̀bẹ̀ kì í dá a padà.