Ìpè Tó Ṣáájú Wáyà

Èmi ò fi àròsọ kún èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó ṣojú rẹ̀ ṣì wà láyé, ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá.

Àǹtí Wáyà ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fa íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ wọ àwọn àdúgbò tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó wà lórí àkàsọ̀, ó ti kan ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ kan. Ó ku kó so wáyà. Àwọn ará àdúgbò dúró nísàlẹ̀, fóònù lọ́wọ́.

"Àǹtí Wáyà, ẹ má jẹ́ ká darúgbó síbí o!"

Ó rẹ́rìn-ín. Lójijì, afẹ́fẹ́ dúró. Ewé kan ò mì. Ẹ̀rín kú mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu.

Fóònù kan ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Háà! Ọkọ mi!" Ìyá aránṣọ ló ké. "Ojú yín rèé!"

Ara Àǹtí Wáyà bù máṣọ. Láàárọ̀ ni obìnrin náà sọ fún un pé ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ òun bá lọ ṣiṣẹ́, àti pé ọkọ̀ náà ò gúnlẹ̀ síbì kankan láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Orí wáyà ṣì wà níbẹ̀. Iná ẹ̀rọ ò tàn.

Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ tòun ti wáyà lọ́wọ́, ó yọjú wọlé. Ọkùnrin kan ló wà lójú fóònù, aṣọ ọrùn rẹ̀ tutù rinrin. Ìró omi ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń mí. Àǹtí Wáyà sá padà sẹ́yìn ògiri.

"Ọmọ ńkọ́?" ọkùnrin náà bèèrè.

"Ó ti wọ iléèwé girama. Olórí kunkun bíi tiyín."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bá mi bẹ ẹni tó di wáyà mú lẹ́yìn ògiri yẹn. Kó má tíì so ó títí a ó fi sọ̀rọ̀ tán."

Ọ̀gá Àǹtí Wáyà pariwo látinú mọ́tò tí wọ́n gbé wá. "Kí lò ń dúró dè?"

"Wáyà yìí ò tíì dáa, sà."

Irọ́ ni. Àwọn èèyàn ń kùn. Ó jókòó sílẹ̀, ó di wáyà náà mú gírígírí, títí ohùn inú ṣọ́ọ̀bù fi dákẹ́.

Ìyá aránṣọ jáde, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé ìwọ náà gbọ́ wọn?"

"Mo gbọ́ wọn, mà. Wọ́n bèèrè ọmọ."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Mo rò pé orí mi ló dàrú ni. So ó wàyí, ọmọ mi. Àwọn èèyàn ti dúró pẹ́."

Ó gun àkàsọ̀ padà, ó so ó. Iná tàn, ariwo ayọ̀ gba àdúgbò kan. Ìyá aránṣọ ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń gé aṣọ ọkùnrin.

"Ọkọ mi ní aṣọ ọrùn àwọn ò gbẹ mọ́," ló wí. "Wọ́n ní àwọn á rán ẹnì kan wá gba òmíràn."

Nígbà tí Àǹtí Wáyà padà wá yẹ ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì wò lọ́jọ́ mìíràn, ó bá aṣọ náà lórí ìkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tónítóní. Ó gun àkàsọ̀. Nígbà tó sọ̀, ìkọ́ nìkan ló kù. Kò rí ẹni tó wọlé, kò rí ẹni tó jáde. Ìyá aránṣọ ń ránṣọ, kò gbójú sókè.

Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ omi ń kán lára ìkọ́, tó, tó, tó.