Ohùn Tó Ń Kà á Lẹ́ẹ̀mejì

Kí wọ́n tó gba ìwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ àwọn ọmọ lọ́dún tó kọjá ni Shen Ruoqing ti mọ̀ pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Apá àfetígbọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà. Ohùn tó jáde látinú ẹ̀rọ tó wà lókè pátákó kì í ṣe èyí tó ń retí. Obìnrin ló ń kà á, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin tó pẹ́ kó tó dé ló sì ń sọ. Ohùn ọkùnrin ni Ruoqing ti fi odidi oṣù kan gbọ́, ọ̀rọ̀ oníṣègùn eyín ni tiẹ̀ sì dá lé. Nínú gbogbo ìdáhùn tó há sórí, kò sí ọ̀kan tó bá ìbéèrè mu. Ọmọ náà jókòó gan-n-gan, òógùn ọwọ́ rẹ̀ ń rin ìwé. Nígbà tí ara rẹ̀ fi máa balẹ̀, ìdánwò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Bàbá àgbà rẹ̀, Shen Kaitai, ń dúró dè é lẹ́nu géètì, ó gbé omi ẹ̀wà tútù, ohun mímu ìgbà ooru, dání nínú ike.

"Báwo ni?"

"Bàbá àgbà, kì í ṣe ohùn yẹn."

"Ohùn wo?"

"Ohùn Tíṣà Gong tí Màmá àgbà rà. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀."

Kaitai gba báàgì ọmọ náà, ó gbé ike lé e lọ́wọ́, wọ́n sì rìn lọ sílé.

Yàrá kan ni wọ́n háyà lẹ́yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́, bí àwọn àgbàlagbà mìíràn tó ń tọ́jú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń ṣe. Bàbá àti ìyá Ruoqing ń rán bàtà níléeṣẹ́ kan ní gúúsù, nítorí náà Kaitai àti ìyàwó rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè wá máa se oúnjẹ fún un. Ibi tí ìyá àgbà ti ń ra oúnjẹ lọ́wọ́ alẹ́ ni ọkùnrin kan ti wá bá òun àti àwọn ìyá mìíràn. Ó fi aṣọ bo imú, ó sì pera rẹ̀ ní Tíṣà Gong. Ó ní àbúrò òun wà nínú ilé tí wọ́n ti àwọn tó ń ṣe ìbéèrè ìdánwò mọ́ kí àṣírí má baà tú, pé àfetígbọ́ tọdún yìí gan-an ló wà lọ́wọ́ òun. Ìyá àgbà ò ní nǹkan tó lè tà ju pákó pósí rẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ de ọjọ́ ikú rẹ̀ bí àṣà wọn. Kaitai ló fọwọ́ ara rẹ̀ gé pákó náà, ojúlówó igi tó ń ta sánsán, ó fá a, ó kùn ún, ó sì gbé e sí òkè àjà nígbà tí obìnrin náà pé ọgọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀ tà á láìsọ fún un, ó sì fi owó rẹ̀ ra ohùn náà.

Ìgbà òtútù ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí obìnrin náà fi kú. Kì í ṣe àìsàn kan tí dókítà lè dárúkọ. Kò kàn jẹun mọ́. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó mú ẹ̀rọ kékeré tí ohùn náà wà nínú rẹ̀ jáde lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Wá a rí," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Má ṣe jẹ́ kó lọ."

Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi sin ín. Ìṣó là á nígbà tí wọ́n ń kàn án, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló sì gbọ́ bó ṣe là. Kaitai ò sunkún lójú èèyàn. Ó padà sílé, ó ti ẹ̀rọ náà bọ etí.

Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ohùn náà ló ń gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú àfetígbọ́, ọkùnrin náà a ka ọ̀rọ̀ kan, á dánu dúró, á tún un kà. Ṣùgbọ́n kó tó tún un kà, ó máa ń gbé itọ́ mì, bí ẹni tó gbé oògùn kíkorò mì. Kaitai gbọ́ ọ títí tó fi lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn.

Ruoqing padà sí kíláàsì àwọn tó ń tún ìdánwò ṣe. Nígbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹkún lórí ìwé, Kaitai gbé abọ́ ọbẹ̀ egungun ẹlẹ́dẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Tìẹ ni ìwé," ló wí. "Tèmi ni ọkùnrin yẹn."

Ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Pu ló dá a lóhùn.

"Ẹ rí ojú ẹ̀, Bàbá?"

"Rárá."

"Ẹ mọ orúkọ ẹ̀ gan-an?"

"Rárá."

"Kí lẹ wá ní?"

Kaitai gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì. Ọ̀gá Pu tẹ́tí sí i, ó sì mí kanlẹ̀.

"Bàbá, wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín ní kóòtù tí mo bá gbé ohùn nìkan wá. Ẹ bá mi rí ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin ẹ ṣáà dì í mú, èmi á kó ìyókù."

Ìgbà ìrúwé ni Kaitai kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbéyàwó ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nílùú kejì. Òpó ńlá kan ló dí ìjókòó Kaitai, kò rí iwájú. Ẹni tó ń darí ètò gbẹ́nu sí makirofóònù.

"Ẹ bá wa gbé ife sókè." Ó gbé itọ́ mì. "Ẹ bá wa gbé ife sókè."

Ife bọ́ lọ́wọ́ Kaitai. Ó dìde, ó fi èjìká la àárín àwọn àlejò kọjá. Ẹnì kan ní, "Bàbá, ṣé wáìnì yẹn ti ń pa yín ni?" Kò wẹ̀yìn. Ó débẹ̀, makirofóònù nìkan ló bá lórí àga. Ọkùnrin náà ti gbowó rẹ̀, ó ti gba ilé ìdáná jáde. Kaitai sáré tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí ìfun ẹja, ó dìde. Lẹ́yìnkùlé, ẹni náà ti gun alùpùpù oníná, akoto bo gbogbo orí rẹ̀. Kaitai gbá irin ẹ̀yìn alùpùpù náà mú.

"Tú ọwọ́ ẹ, àbí ọwọ́ yẹn máa kán." Ó gbé itọ́ mì. "Ọwọ́ yẹn máa kán."

Ó tẹ iná. Alùpùpù wọ́ bàbá náà lórí kọnkéré títí awọ orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi ṣí. Nígbà tó dìde, ọ̀nà ti ṣófo. Ó padà sí ilé ìdáná lọ bá ọ̀gá alásè hòtẹ́ẹ̀lì náà.

"Ta lọkùnrin yẹn?"

"Gong ni wọ́n ń pè é. Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń kán sílẹ̀ mi."

"Ibo ló ń gbé?"

"Ẹja mi ń jóná."

"Mo ní ibo ló ń gbé?"

"Tí mo bá mọ̀, mo ti sọ. Òun ló máa ń pe èèyàn. Ṣùgbọ́n kò ní í gbaṣẹ́ lóṣù kẹfà ọdún yìí, ó lóun lọ́mọ tó fẹ́ ṣèdánwò."

Kaitai jáde síta. Ó tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ fún ara rẹ̀ jálẹ̀ ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ ọ́ fún Ọ̀gá Pu. Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín nìkan ni wọ́n ti ń ṣèdánwò ní gbogbo àgbègbè yìí," ló wí. "Èmi náà á wà níbẹ̀."

Ọjọ́ Gẹ̀ẹ́sì pé. Òun ni ìdánwò tó kẹ́yìn gbogbo. Láti àná ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ti ń fi ọ̀pá gígùn lé àwọn kòkòrò tó ń han lórí igi, kí wọ́n má baà dí àfetígbọ́ lọ́wọ́. Ọlọ́pàá ti dí ọ̀nà. Àwọn ìyá wọ aṣọ pupa tó fún mọ́ra, kí ọmọ wọn lè ríre. Ìyá kan tó ń jẹ́ Hou dúró ti Kaitai, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.

"Bàbá, ọkàn tèmi balẹ̀," ló sọ wẹ́lẹ́. "A ti rí nǹkan rà fún ọmọ tiwa. Látinú ilé tí wọ́n ti ń ṣe é gan-an."

Kaitai yíjú sí i. "Lọ́wọ́ ta ni?"

Kó tó dáhùn, ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn. Bàbá kan ló ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Má sáré kọ ọ́." Ó gbé itọ́ mì. "Má sáré kọ ọ́."

Kaitai mọ ohùn náà. Ó fojú wá Ruoqing, ó rí i tó ń wọlé, kò wẹ̀yìn. Ọmọbìnrin ọkùnrin náà tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó kù wọlé. Wọ́n ti géètì. Ọ̀gá Pu, tó wà lódìkejì ọ̀nà, gbé ọwọ́ sókè, gbogbo àdúgbò sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn tó ń kọ́lé lókè gbé irin iṣẹ́ sílẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì paná ọkọ̀. Àfetígbọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Kaitai na ọwọ́ sẹ́yìn, ó gbá ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà mú.

Ọkùnrin náà fà á. Kaitai ò tú u. Wọ́n wo ara wọn lójú. Èyí ni ojú tó ti ń wá: ojú lásán, tó fárùngbọ̀n mọ́, bíi ti akọ̀wé báńkì. Kaitai fẹ́ pariwo. Ariwo náà ti dé ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì, nítorí Ruoqing wà nínú lọ́hùn-ún tó ń tẹ́tí. Èkejì náà ò lè pariwo, ọmọ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dún nísinsìnyí, àwọn ìyá aláṣọ pupa wọ̀nyí á fà á ya.

Kaitai fi ọwọ́ kejì mú ẹ̀rọ kékeré náà jáde, ó gbé e sí iwájú ojú ọkùnrin náà. Àwọ̀ ọkùnrin náà yí padà. Ó yọ fóònù, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀rọ̀ sí i: *Mà á san gbogbo ẹ̀ padà.*

Kaitai mi orí pé rárá.

*Ọmọ mi wà nínú. Ẹ ṣàánú.*

Kaitai sún mọ́ fóònù náà, ẹ̀rọ kékeré ṣì wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìka kan ló fi tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀: *Tèmi náà wà nínú. Ó wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá náà.*

Ìyá Hou ti na ọrùn, ó ti kà á. Ó wo fóònù, ó wo ẹ̀rọ náà, tó jọ èyí tí òun rà bí ìbejì. Ó wá wo ojú ọkùnrin náà dáadáa, ó fi abẹ̀bẹ̀ bo imú àti ẹnu ọkùnrin náà bí aṣọ tó máa ń fi bo imú, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó ki abẹ̀bẹ̀ náà bọ ẹnu, ó fi eyín dì í mú kó má baà ké. Omi ń dà lójú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún pẹ̀lú irọ́ lórí. Kò dún. Ó gbá ọwọ́ kejì ọkùnrin náà mú.

Ọ̀gá Pu fẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ sọdá ọ̀nà. Ó ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bọ ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kò tíì pa á dé, nítorí irin náà máa dún. Gbogbo wọn dúró bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn, ẹnì kankan ò mira.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ìdènà kúrò lójú ọ̀nà. Àfetígbọ́ ti parí. Ọ̀gá Pu pa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dé.

"Ọwọ́ tó o ní ó máa kán nìyí," ni Kaitai wí.

"Orúkọ?" ni Ọ̀gá Pu bi í.

"Gong."

"Orúkọ tí ìyá ẹ sọ ẹ́ ni mò ń bi ẹ́."

"Miao. Miao Shaotang."

"Ta ló ka ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ yìí?"

"Mi ò mọ̀."

"Sọ pé o ò mọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí gbogbo èèyàn gbọ́." Ó tẹ ẹ̀rọ náà. Ohùn Miao jáde níta gbangba, ó gbé itọ́ mì, ó tún un kà. Àwọn ìyá ti yí wọn ká.

"Èmi ni," ni Miao wí. "Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo kà á. N kò lábùúrò níbì kankan."

Ìyá Hou tu abẹ̀bẹ̀ náà jáde lẹ́nu. "Ẹ jẹ́ n bi í ní ìbéèrè kan. Ọmọ tìẹ, ohùn yìí lo fún un gbọ́?"

Miao wolẹ̀.

"Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Rárá."

"Kí lo wá fún un?"

"Mo jókòó tì í. Mo kọ́ ọ."

Àwọn ìyá náà hó. Ẹnì kan bọ́ bàtà, Ọ̀gá Pu gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Miao kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ mú mi lọ. Ẹ mú mi lọ kí ọmọ mi tó jáde."

Ọ̀gá Pu wo Kaitai. "Àgọ́ wa ò jìnnà. Kí lẹ wí, Bàbá?"

"Ìyàwó mi sùn sínú pákó tí ìṣó là," ni Kaitai wí. "Á dúró."

Wọ́n mú un jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì. Oòrùn mú. Miao ń lá ètè, ojú rẹ̀ wà lára ike omi ẹ̀wà tútù tó wà lẹ́sẹ̀ Kaitai. Kaitai fi ọwọ́ bo ìdérí rẹ̀. Ruoqing ló ni ín.

Agogo lù, géètì ṣí. Ọmọ Miao wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wá bàbá rẹ̀ láàárín èrò. Ó rí i. Ó rí irin ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín náà kú.

"Dádì, kí lẹ ṣe?"

Gbogbo ènìyàn dákẹ́ bíi ti ìgbà àfetígbọ́.

"Mo ta irọ́ fún àwọn ọmọ bíi tìẹ," ni Miao wí.

Kaitai ń retí kó gbé itọ́ mì. Ó ń retí èkejì. Kò wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́.

Ruoqing jáde, ó rìn wá bá bàbá àgbà rẹ̀.

"Báwo ni?"

"Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀, Bàbá àgbà. Gbogbo ẹ̀ pátá."

Kaitai ṣí ike, ó gbé e fún un. Ó fi ẹ̀rọ kékeré náà lé Ọ̀gá Pu lọ́wọ́.

"A ó tú ilé ẹ̀," ni Ọ̀gá Pu wí. "Ohun tá a bá rí, ẹ̀yin tó lù ní jìbìtì lẹ máa gbà á. Kí ni kí n kọ sílẹ̀ fún yín, Bàbá?"

"Pákó. Ojúlówó, tó ń ta sánsán."

"Ṣé ilé lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ìyàwó mi ni mo fẹ́ tún sin sínú ẹ̀," ni Kaitai wí, ó sì gbé báàgì ọmọ náà kọ́ èjìká.