Kọ́ńpáàsì Ọkọ̀ Bàbá

Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa nínú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní fi òmíràn lé e. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá sílé wa ní Ìwó. Kọ́ńpáàsì náà ṣì wà lórí tábìlì pálọ̀.

Bàbá ọkọ mi ló ni ín. Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni wọ́n ṣe ní Àpápá títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n ra ògbólógbòó ọkọ̀ onígbòkun kan, wọ́n fi tirélà gbé e wá sí ibi tí ìjọba ti sé odò Ọbà. Gbogbo àdúgbò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Kí tirélà tó dé, ẹnìkan ti yọ kọ́ńpáàsì ọkọ̀ náà lọ lójú ọ̀nà. Ihò róbótó ló kù níwájú ibi ìjókòó.

"Ìyàwó," Bàbá ní, "o ń lọ sí Èkó fún ìpàdé iṣẹ́ yín. Bá mi wá kọ́ńpáàsì bọ̀. Àlòkù tó dáa, tí agbára wa ká. Ọkọ̀ mi ò lè wà láìní in."

"Mo ti gbọ́, sà."

Mi ò wá nǹkan kan. Ẹni tó dúró létí odò yẹn ń rí ewúrẹ́ tó ń jẹko ní òdìkejì. Kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ńpáàsì wá? Nígbà tí mo padà dé Ìwó, mo yà sí ọjà Odò-Ọrí, mo ra ti ìṣeré ọmọdé lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bèbí. Ibi tó bá wu abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló ń kọjú sí. Mo sọ fún Bàbá pé inú ọkọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti yọ ọ́.

Bàbá gbọ̀n ọ́n. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá wojú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O ṣé, ìyàwó mi."

Wọ́n dè é mọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fi ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí òkun! Wọ́n mọ̀. Ojú tì mí.

Lọ́dún tó kọjá, Bàbá kú lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Wọ́n ti ní ẹ̀gbẹ́ odò, nítòsí ọkọ̀ àwọn, ni kí a sin àwọn sí. Ojú ọ̀run ṣú, òjò ń ṣẹ́, a ò rí oòrùn. A sì gbọ́dọ̀ kọ ojú òkú sí gábàsì, níhà Mẹ́kà. Fóònù ẹnìkan ní ọ̀tún ni, ti ẹlòmíì ní òsì ni.

"Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí?" ni ọkọ mi, Abdulganiyu, wí. "Kọ́ńpáàsì Bàbá ńkọ́? Ìyá Sodiqat, bá wa mú un wá nínú ọkọ̀."

Mo tú u. Gbólóhùn kan péré ni ì bá parí ẹ̀. Àmọ́ gbogbo ẹbí ń wò mí. Mo gbé e lé ọkọ mi lọ́wọ́.

Àáfà ní, "Ó ń ṣe mí bíi pé a ti yà."

"Àáfà, èyí ni Bàbá fi ń tukọ̀," ni ọkọ mi fèsì.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n tẹ́ Bàbá sí i.

Ọjọ́ tí oòrùn yọ, mo dá lọ síbẹ̀. Àríwá ni wọ́n kọ ojú Bàbá sí. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Mo padà sílé láti jẹ́wọ́. Bí mo ṣe wọ pálọ̀, mo gbọ́ nǹkan. Kín-ín. Kín-ín. Bí èékánná lára gíláàsì. Kọ́ńpáàsì tí ọkọ mi gbé sórí tábìlì ni. Abẹ́rẹ́ náà yí, jẹ́jẹ́, ó kọjú sí mi. Mo sún mọ́ fèrèsé. Ó tẹ̀ lé mi. Mo wọ kíṣìnì, mo yọjú. Ògiri kíṣìnì ló kọjú sí.

Ọkọ mi rí i. Omi lé sí i lójú.

"Ẹ wá wò ó o! Bàbá ò gbàgbé ẹni tó ra kọ́ńpáàsì fún wọn!"

Ẹbí dé láti Olúpọ̀nnà, wọ́n dé láti Kuta. Wọ́n ní kí n rìn síbí, kí n rìn sọ́hùn-ún. Wọ́n ń súre fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu níbẹ̀? Títí di òní, bí wọ́n bá ń yìn mí, ó ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Bàbá ṣì wà bí a ṣe tẹ́ wọn.

Lánàá, ìyá ọkọ mi pè mí sí pálọ̀. Ara wọn le koko, kò sóhun tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó, ọjọ́ tó bá kan èmi náà, kọ́ńpáàsì yìí ni kí ẹ fi wo gábàsì fún mi. Ìwọ ni kí o gbé e dání."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màámi..."

Kín-ín. Kín-ín.

Abẹ́rẹ́ náà kúrò lára mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó yí, jẹ́jẹ́, ó kọjú sí Màámi, ó sì dúró.

Màámi náà rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"O ò rí i? Bàbá ti gbọ́."