Ìdajì Ìbéèrè Olùtọ́jú Eku

Ojúmọ́ kò tíì mọ́ tán tí aránṣọ ti jókòó ti maṣíìnì rẹ̀. Aṣọ iléèwé tó fẹ́ rán kún gbogbo àga inú yàrá, ẹ̀yìn sì ń ro ó. Ó da hóró oògùn ara ríro sí àtẹ́lẹwọ́, ó kó o mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, ó sì tẹsẹ̀ bọ maṣíìnì. Ọkọ rẹ̀ kò ka ìyẹn sí. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.

"Ìyá àwọn ọmọ, ojú rẹ ṣì pupa rúsúrúsú. Ṣé o ti mu òróró?"

"Mo ti mu ún. Ṣíbí kan, bíi ti àwọn orogún mi inú àgò. Bí ìrù bá ti ń hù mí, ẹ tètè sọ fún mi."

Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Eku funfun ló ń tọ́jú ní iléeṣẹ́ ìwádìí kan. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìbéèrè. "Abéèrè kì í ṣìnà" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bíbéèrè ló fi mọ̀ pé wọ́n ń wádìí bóyá òróró irúgbìn dúdú lè dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Ojú ara rẹ̀ ló sì fi rí i: ẹ̀dọ̀ eku tí kò mu òróró wú, ó sì ní àbààwọ́n káàkiri, ti àwọn tó mu ún ń dán. Nígbà tí ojú ìyàwó rẹ̀ yí padà, tí ará ilé ní kí wọ́n lọ sí ọsibítù, òróró ló rà. A kì í gbé ẹ̀bá odò ká fi itọ́ ṣanwọ́.

Lọ́jọ́ náà, ó pàdé obìnrin onímọ̀ tó ni ìwádìí náà níbi àgò.

"Ọ̀gá, ìyàwó mi náà ń mu òróró yín o. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tíì mọ́. Ṣé kí n sọ ọ́ di ṣíbí méjì?"

Obìnrin náà dáwọ́ dúró. "Kí ló ṣe ojú rẹ̀?"

"Ó pupa rúsúrúsú. Ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì."

"Kí ló ń lò tẹ́lẹ̀?"

"Kò lo nǹkan kan o! Oògùn ara ríro lásán ni. Bó bá jí, bó bá jẹun, bí ẹ̀yìn bá tún ro ó. Nígbà tí òtútù mú un, ó fi oògùn òtútù kún un."

Obìnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Bàbá, kò sí ohun tẹ́ ẹ ò tíì bi mí nínú iṣẹ́ yìí. Àfi ẹyọ kan. Ẹ ò bi mí rí pé kí ni mo fi ba ẹ̀dọ̀ àwọn eku wọ̀nyí jẹ́."

"Kí lẹ fi bà á jẹ́?"

"Parasitamọ́ọ̀lù. Oògùn ara ríro yẹn gan-an, tó bá ti pọ̀ jù. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn òtútù pẹ̀lú. Ìyàwó yín ń mu oògùn méjèèjì lé ara wọn láìmọ̀."

"Ṣùgbọ́n òróró gba eku là! Mo rí i!"

"Kí n tó fún wọn ní májèlé ni wọ́n ti ń mu òróró, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Eku sì ni wọ́n. Bóyá yóò ṣe ènìyàn bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n wo ni kò léwu, a ò tíì mọ̀. Ohun tá à ń wá nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù báyìí. Ẹ kó páálí gbogbo oògùn rẹ̀ dání."

Ó sáré délé. Maṣíìnì ti dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ gbórí lé aṣọ, kò dá a mọ̀ mọ́, ó sì ń pè é ní bùrọ̀dá.

Ní ọsibítù, dókítà wo páálí oògùn, ó mi orí. "Oògùn tó ń pa agbára eléyìí wà. A óò fún un. Ká ní ẹ tètè dé ni, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ì bá má bàjẹ́ tó báyìí."

Aránṣọ kò kú. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ lórí ibùsùn, wọ́n sì kó aṣọ iléèwé fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá ọkọ rẹ̀ mọ̀, ó ní, "Ẹ bá mi wẹ̀yìn wò, ìrù ò tíì hù?" Ọkọ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Òróró irúgbìn dúdú lè ní ire nínú. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń wá a wá a dé òpin. Ìwọ tí ò ń ka ìtàn yìí, ka ara páálí oògùn rẹ kí o tó mì í. Má mu ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́, má sì mu oògùn méjì tí ohun kan náà wà nínú wọn pọ̀. Bí ojú bá pupa rúsúrúsú, ọsibítù ni kí o kọ́kọ́ lọ, má dúró wo ṣíbí òróró. Lóòótọ́, abéèrè kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bèèrè ìdajì ọ̀nà, inú igbó ló ń sùn.