Àwọn Ọmọ Tí Hamidat Kò Kà

Bí ẹ bá mọ ọjà Ọ̀wọ̀ dáadáa, ẹ ó mọ ìsọ̀ Hamidat. Òwú ìránṣọ, bọ́tìnì, sípì àti lásítíìkì ló ń tà, kò sì sí télọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ń wọn lásítíìkì fún oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Lábísí ọmọ rẹ̀ ni. Ó ní ara Zakariyah tún ti gbóná, mímí kò rọrùn fún un mọ́, àwọn sì ti gbé e dé ilé ìwòsàn.

Hamidat kò wọn lásítíìkì náà tán. Ó ní kí oníbàárà máa mú un lọ, ó fi aṣọ bo ọjà, ó wá ọ̀kadà.

Ìgbà karùn-ún rèé. Ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni Zakariyah. Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tó lò láyé, ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ikọ́. Láti oṣù keje ni nǹkan ti yí padà. Etí rẹ̀ ń ṣọyún. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó lọ, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi padà. Òtútù àyà dá a dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Eéwo ńlá sọ ọ́ ní itan. Bí oògùn bá wọ ara rẹ̀, a yá. Bí oògùn bá tán, àìsàn a tún dé. Ibi ìtọ́jú kò sì jọra: kẹ́míìsì lónìí, kílíníìkì lọ́la, káàdì tuntun nígbà gbogbo. Ta ni yóò wá kó gbogbo rẹ̀ jọ kó rí i pé àìsàn kan ṣoṣo ni?

Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n bá Dókítà Ṣèyíọlá pàdé. Obìnrin tí kì í pariwo ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni ìwádìí lórí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí láìní irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ọmọ náà wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó béèrè gbogbo àìsàn tó ti ṣe é rí, ó wá gbé bírò sílẹ̀.

"Ǹjẹ́ ọmọkùnrin kankan ti kú ní kékeré nínú ẹbí yín? Ìdílé ìyá ọmọ ni mo ń béèrè."

Lábísí ní kò sí o. Òun ni àkọ́bí ìyá òun, àbúrò òun kan ṣoṣo, obìnrin, sì wà láàyè. Dókítà yíjú sí Hamidat.

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, Dókítà," ni Hamidat dáhùn. "Èyí tó wà níwájú yín yìí ni kí ẹ bá wa tọ́jú."

Dókítà kò bínú. Ó ní bí Màmá bá rántí ohunkóhun, bó ti wù kó kéré tó, kí wọ́n wá òun wá.

Ẹ má tíì dá Hamidat lẹ́bi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ìdí kòkó ni òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀ wà ní Òkèlúsè. Ibẹ̀ ló ti bí Àbúdùlàhí. Ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín, títí di oṣù keje. Kò rí ọdún méjì. Ọlámúyìwá tẹ̀ lé e, òun náà kò rí ọdún méjì. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ti kírun sí òkú ọmọ lára tí wọ́n sì ti gbé e lọ, ìyá Hamidat a dé láti Ọ̀wọ̀. Yóò kó aṣọ ọmọ, fìlà rẹ̀, ife tó fi ń mu omi, káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀, a dáná sun gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Yóò ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ yẹn mọ́, kí ọmọ tó ń bọ̀ má baà gbọ́ ọ kó sì tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ìkà ló mú kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀, ohun tó mọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni Lábísí dé, ó sì yè. Àbúrò rẹ̀ náà yè. Hamidat gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ẹ̀rù kejì tún wà. Ìyá Jìbírílù, ọkọ Lábísí, ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ìdílé tí ọmọ òun lọ fẹ́ yìí, ọkùnrin kì í gbé ibẹ̀. Bí Hamidat bá lanu, ó ti fi ọ̀bẹ lé wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ilé ọmọ rẹ̀ lè tú.

Ní ọjọ́ kẹta, Lábísí lọ wẹ̀, Hamidat jókòó ti ọmọ. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà nímú Zakariyah. Ó tẹ̀ síwájú láti nu etí rẹ̀, òórùn ọyún náà sì ta sí i nímú. Òórùn yẹn ni. Òórùn etí Àbúdùlàhí ni, etí tí òun fi ìrọ́jú nù ní gbogbo àárọ̀ ní Òkèlúsè. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́; òun ti dákẹ́ fún ọmọ méjì, ẹ̀kẹta ló ń mí gúlegúle níwájú rẹ̀ yìí.

Nígbà tí Lábísí padà, Hamidat jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe Naimat ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Ìdóàní. Ó mọ̀ pé Naimat náà sọ ọmọ nù rí, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò bi ẹnì kejì rí pé kí ló ṣe ọmọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, Hamidat bi í. Ohùn Naimat yí padà. "Méjì ni tèmi. Ọkùnrin làwọn méjèèjì. Etí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀."

Hamidat kò padà sídìí ibùsùn. Ọ̀dọ̀ dókítà ló gbà lọ. Jìbírílù, tó ń fi táìsì tẹ́ ilé kan lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é, wà níbẹ̀, sìmẹ́ńtì ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Hamidat wò ó, ó fẹ́ yí padà. Kò yí padà. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

Dókítà mú ìwé. Ó ya àmì róbótó fún obìnrin, ó ya àpótí kékeré fún ọkùnrin, ó sì fa igi la orí àwọn ọmọ tó ti kú. Nígbà tó parí, kò sí róbótó kankan tí igi là. Àpótí mẹ́rin ni.

"Màmá," ni dókítà wí jẹ́jẹ́, "kí ni orúkọ wọn?"

Ó ṣòro fún un. Ahọ́n rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. "Àbúdùlàhí," ló wí. "Ọlámúyìwá." Ó sì bú sẹ́kún. Lábísí ti dé ẹnu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Láti ọgbọ̀n ọdún ló ti ń pe ara rẹ̀ ní àkọ́bí.

Dókítà fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó dà bí alágbẹ̀dẹ: òun ló ń rọ ohun ìjà tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà. Ó jọ pé Zakariyah kò ní alágbẹ̀dẹ yẹn. Ohun ìjà tí ìyá rẹ̀ fún un nínú oyún ló lò fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Nígbà tó tán, ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àbùkù tí a ń jogún ni. Obìnrin ní ẹ̀dà méjì ìlànà tí ara fi ń ṣe alágbẹ̀dẹ yẹn, bí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì a bò ó láṣìírí, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ọkùnrin ní ẹyọ kan péré.

Jìbírílù gbé ojú sókè. "Ṣé ìyàwó mi ló wá fà á ni?"

"Ẹ wo imú ọmọ yìí," ni dókítà dáhùn. "Imú yín ni. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi fún un? Èèyàn kì í yan ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò jogún. Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni."

Jìbírílù dìde, ó fún ìyá ìyàwó rẹ̀ ní àga tó jókòó lé.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò. Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án: bí dókítà ṣe wí náà ló rí. Ìtọ́jú wà. A máa ń yọ ohun ìjà yìí láti inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọ́n le, a ó sì máa fà á sí ọmọ lára ní oṣooṣù, títí ayé rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ti wà, kò sì rọrùn láti rí. Mi ò ní pa irọ́ fún yín. Àmọ́ Zakariyah ti ń gbà á, ó ti kúrò lórí ọ́síjìn, ó sì ti pé ọdún méjì.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń ṣàìsàn ló ní àrùn yìí. Ṣùgbọ́n bí etí ọmọ bá ń ṣọyún ní gbogbo ìgbà, tí òtútù àyà mú un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, tí eéwo ńlá ń sọ ọ́, tí kò dàgbà bó ṣe yẹ, ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ máa pa làpálàpá. Ẹ kúrò nídìí kẹ́míìsì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí gbogbo àìsàn rẹ̀ wà nínú ìwé kan. Lábísí ra ìwé ilé ẹ̀kọ́ kan fún èyí, inú báàgì ìlédìí ló máa ń wà. Ẹ máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ yín lásìkò, nítorí òun ni ààbò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọkùnrin bá ti kú báyìí nínú ẹbí yín, ẹ kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì, nítorí irú ọmọ bíi Zakariyah ní àjẹsára tí kò gbọ́dọ̀ gbà, pàápàá èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí dókítà bá béèrè àwọn tó ti lọ, ẹ dá a lóhùn. Kò fẹ́ fi yín ṣẹ̀sín. Ẹni tó ti kú lè fi ọ̀nà han ẹni tó wà láàyè, bí a bá dárúkọ rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, Lábísí gba fáìlì tuntun fún ọmọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì bi ìyá rẹ̀ pé ọmọ mélòó ló bí.

"Mẹ́rin," ni Hamidat wí, ó sì dúró kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ tán.