Àìsàn Ni, Àbí Ìwà?

Òjò ló lé Sylvestre wọ ìsọ̀ aṣọ bàbá Wúràọlá ní ọjà Ìdáàṣà, láyé ìgbà tí ìjọba ológun tó ń pe ara rẹ̀ ní Ìyípadà ní kí oníkálukú máa pe ẹnìkejì rẹ̀ ní kàmáráàdì.

"Kàmáráàdì, ẹ jẹ́ kí n yà sábẹ́ òrùlé yín."

"Kàmáráàdì kọ́ ni orúkọ mi," ni Wúràọlá wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Òjò dá, Sylvestre kò lọ. Àgbẹ̀ ni, ọmọ abúlé Kpingni, òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń dáko. Kí ìkórè tó dé, Wúràọlá ti ń dẹtí sí ohùn rẹ̀ láàárín èrò ọjà. Bàbá rẹ̀, Alájì Sùlè, kò kọ́kọ́ fẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ ènìyàn án kí, ó sì máa ń ṣiṣẹ́. Bàbá rọ̀.

Àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ pé Sylvestre ti fi gbogbo èbù iṣu ìyá rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ káàdì. Òjò rọ̀, ìyá kò rí nǹkan gbìn.

"Olólùfẹ́ mi," ni Sylvestre wí fún Wúràọlá pẹ̀lú omijé, "mo ń sọ fún ara mi pé kí n dìde nídìí káàdì. Ara mi kò dá mi lóhùn."

Àwọn ọmọ Ìyípadà àdúgbò ní ọ̀tá ìlú ni. Ìyá rẹ̀ ní ayé ló ń dà á láàmú. Alájì Sùlè ní, "Ẹni tó fi oúnjẹ ìyá rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, ọmọ mi ni yóò fi ta lọ́la."

Inú ń bí Wúràọlá, àánú sì ń ṣe é. Ó mú Sylvestre lọ bá dókítà kan ní Kútọnu. Dókítà ní àwọn onímọ̀ kan ń rò pé ọpọlọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má rí bíi ti ẹlòmíràn, pé ibi tó yẹ kó máa kó èèyàn níjàánu lè má lágbára tó.

"Ṣé àìsàn ni, àbí ìwà?" ni Wúràọlá bèèrè.

"Ọmọ mi, a kò tíì mọ̀ dájú."

Ọ̀rọ̀ yìí tún wá dojú rú fún un. Bó bá jẹ́ àìsàn, ta ní ń kọ aláìsàn sílẹ̀? Bó bá jẹ́ ìwà, ta ló lè bá a gbé? Síbẹ̀ ó bẹ bàbá rẹ̀ títí tó fi gbà kí wọ́n wá tọrọ òun.

Lọ́jọ́ ìtọrọ, ará Kpingni pé síwájú Alájì. Sylvestre dọ̀bálẹ̀, kò dìde.

"Bàbá, ẹ má fi ọmọ yín fún mi. Lánàá, mo tún jókòó ti káàdì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju kí n fi ayé rẹ̀ ṣòfò lọ."

Alájì Sùlè yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Wúràọlá, o gbọ́. Kí lo wí?"

"Bàbá, mi ò mọ̀."

Ó sin Sylvestre dé ẹ̀yìn ìlú. "Ìwọ lo sọ̀rọ̀ yẹn, àbí àìsàn náà?"

"Èmi ni. Ó sì le fún mi, Wúrà."

Sylvestre di ọwọ́ rẹ̀ mú díẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Kpingni lọ láìbojúwẹ̀yìn. Wúràọlá dúró síbẹ̀, kò mọ̀ bóyá ọkọ ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù, àbí ọkọ ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí.