Ẹsẹ̀ Inú Bàtà Irin

Afẹsẹ̀mọni kì í purọ́: ohun tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ará Òkè-Òṣùpá nìyẹn. Ẹ̀rọ náà á wọn egungun ẹsẹ̀ òkú, á fi wé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ tọkùnrin-tobìnrin tí wọ́n fi kọ́ ọ, á sì ké bí ẹni ń polówó ọjà.

"Obìnrin!" ló ké lójú ìyá kan, Ṣijúwadé, lọ́jọ́ náà.

Ihò abẹ́ ilẹ̀ méjì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ló wó nílùú wọn lórí òṣùpá. Ìbíwùmí ọmọ rẹ̀, awakọ̀ òfuurufú, wà nínú ọ̀kan. Àkànjí tó ń tẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé àwọn ará ìlú wà nínú èkejì; àwọn méjì yìí nìkan ni wọ́n ń wá. Bàtà irin kan ṣoṣo ni wọ́n rí lọ́nà tó wà láàárín ihò méjèèjì, ooru ti jó ohun inú rẹ̀ ku egungun.

"Ẹ dáwọ́ dúró níbi ti ọmọbìnrin," Olóyè Adéòtí pàṣẹ. "Afẹ́fẹ́ ń tán lọ́hùn-ún. Ẹ kó gbogbo ẹ̀rọ awalẹ̀ lọ bá Àkànjí."

Ìyàwó Àkànjí gbá Ṣijúwadé mọ́ra. Ó ń sunkún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti fúyẹ́.

Olóyè ṣí fìlà. "Ìbíwùmí kò kúnlẹ̀ kí mi rí. Orí ìdúró ló ti máa ń kí mi bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti fi jì í."

Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ! Ṣijúwadé já ara rẹ̀ gbà. "Lórí òkú ọmọ mi, ìkúnlẹ̀ lẹ ṣì ń kà? Ojú ò tiẹ̀ tì yín, bàbá?"

"Ẹ dúró ná." Ọ̀mọ̀wé Gbádébọ̀ tó kọ́ ẹ̀rọ náà ti gbé egungun ìka ńlá ẹsẹ̀ náà súnmọ́ iná. "Kò kúnlẹ̀ rí? Nílé náà ńkọ́?"

"Àní kò kúnlẹ̀!" Ṣijúwadé jágbe. "Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

Ọ̀mọ̀wé tọ́ka sí ibì kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí egungun náà. Bí ènìyàn bá ń kúnlẹ̀ lójoojúmọ́, tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ sẹ́yìn, bí egungun ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn obìnrin tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ ní in. Àwọn ọkùnrin, adọ̀bálẹ̀, kò ní in.

"Yéè! Ìkíni ló ń kà, kì í ṣe obìnrin. Èmi ni mo kọ́ ọ lódì. Ẹ padà síbi ti ọmọbìnrin, kíá!"

Nígbà tí wọ́n fa Ìbíwùmí jáde, eruku bò ó bí ẹni tó já sínú ẹlùbọ́.

"Màámi, ẹ má pariwo mọ́. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì rèé."

Ṣijúwadé rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó di ọmọ rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí ìyàwó Àkànjí. Obìnrin náà ti jókòó ti bàtà irin, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Orúnkún ló fi ṣiṣẹ́ jẹun," ó wí, kò wo ojú ẹnì kankan. "Kò sí ilé tí Àkànjí kò kúnlẹ̀ sí nílùú yìí."